Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì Tí Abdulqudus Ń Ná

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kí ẹ san lórí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Jabi, ẹ má wulẹ̀ bi ẹni tó ń tà á. Ẹ bi Rahmah. Ọmọ Alhaji Babalọlá ni, Alhaji ará Ìlọrin tó ní ọgbà ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Láti Mọ́ńdè títí di Jímọ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Utako ló ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ọkọ̀ tó ti forí gbá nǹkan, kó sọ iye tó kù lára rẹ̀. Tó bá di Sátidé, á mú tọ́ọ̀ṣì dání, á wá bá bàbá rẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò nínú ọgbà. Ibi tó bá sọ labẹ ń gé sí. Àwọn ọkùnrin tó ti ń ta ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i ń pè é ní Ọ̀gá, wọn ò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí láti kékeré rẹ̀, Àǹtí Ràdíátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí yìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ó ń ta ìbòrí àga ọkọ̀ àti rọ́ọ̀gì ìtẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń rí ohun gbogbo tó bá wọlé tó bá jáde. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bèèrè lọ́wọ́ Rahmah pé ọkọ dà. Rahmah á ní òun ń wò ó. Àǹtí á ní, "O wo ọkọ̀ ogún lọ́sẹ̀, o ò rí ọkùnrin kan wò!"

Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ọkọ̀ kan wà níwájú ọgbà tí gbogbo ènìyàn ń yí ọrùn wò. Ó pupa yòò, ó rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá eré. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló dé, nígbà tí Rahmah wà níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ náà wu Alhaji débi pé kò dúró de ọmọ rẹ̀ kó tó san owó. Ó ti fi ẹfun kọ mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún sára gíláàsì rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró tì í. Ó ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó rí oúnjẹ nígbà ààwẹ̀. Nígbà tó rí Rahmah pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó kí i.

"Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ ọkọ̀ wò. Abdulqudus lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Kabusa níbí ni wọ́n ti tọ́ mi, ẹ má bínú sí Yorùbá mi."

"Yorùbá yín ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà?"

"Ọkọ̀ yìí gan-an. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kó owó jọ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Mo ń bèèrè iye tó tó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á, èló lẹ máa san?"

Rahmah wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Èló ni láàsì, iye ìkẹyìn tí wọ́n máa gbà, ìyẹn ni gbogbo oníbàárà ń bi í láti ọjọ́ tó ti ń yẹ ọkọ̀ wò nínú ọgbà náà. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé èló ni òun fúnra rẹ̀ máa san.

"Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní. "Ẹ padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ó padà wá. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Rahmah ní kó bá òun mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn òsì kó-kó-kó, ó kan ti ọ̀tún. Ti ọ̀tún dún bòbò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé sípánà ti yí wọn rí. Lẹ́yìn náà ló fa bẹ́líìtì àga ọ̀tún jáde títí dé ìdí rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2016 ni, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì yẹn, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bẹ́líìtì ọkọ̀ kì í sì í hù padà bí eyín ọmọdé.

Bàbá rẹ̀ ti ra ọkọ̀ tí wọ́n ti gbá, ó sì ti fún ẹni tó tà á fún un ní owó ọkọ̀ tí ohunkóhun ò ṣe rí.

"Kí lẹ rí?" Abdulqudus bi í.

Òfin kan wà nínú ọgbà Alhaji Babalọlá. Wọn kì í pariwo àléébù ọjà wọn kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè, wọn ò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Ìgbà tí nǹkan bá rú Rahmah lójú, ó máa ń ní kí oníbàárà dúró ná, kí òun lọ bá bàbá òun sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó yẹ kí òun ṣe nìyẹn. Àmọ́ ọmọkùnrin yìí ti fi ọdún mẹ́ta kó owó jọ, ó sì ń wò ó bí ẹni tó máa gba ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde gbọ́.

"Wọ́n ti gbá a lápá ọ̀tún," ó sọ. "Wọ́n tún un ṣe dáadáa, ẹ lè wà á fún ọdún mẹ́wàá kó má ṣe yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mọ́kànlá ni. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọkọ̀ bàbá yín ni o."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ béèrè."

Abdulqudus ń wo ojú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sì ń tànmọ́lẹ̀ sí taya ọkọ̀ ẹlòmíràn láìmọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun máa lọ rò ó, ó sì gbàgbé láti dá tọ́ọ̀ṣì padà.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Rahmah sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀. Alhaji jókòó pa lórí àga rẹ̀, ó yọ fìlà, ó tún dé e.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ yìí," ó ní. "Àwọ̀ pupa ló tàn mí jẹ. Ó dáa. Ta ló tún mọ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ rà á."

"O sọ fún oníbàárà kó o tó sọ fún èmi?"

"Ó béèrè ni, Bàbá."

"Àwọn tó kù náà máa ń béèrè. Àwọn yẹn, o máa ń ní kí wọ́n dúró ná." Alhaji gbójú sókè wò ó. "Ta ni ọmọ yẹn sí ẹ?"

Alhaji dìde, ó fi aṣọ nu mẹ́rìndínlógún kúrò lára gíláàsì, ó kọ méjìlá.

Ní Sátidé kẹta, Abdulqudus dé, ó dá tọ́ọ̀ṣì padà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, ó ní òun fẹ́ ná ọkọ̀ pupa. Alhaji ní kó ná an.

"Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, sà."

"Ọkọ̀ yìí náà? Rárá o."

Ó yẹ kí Abdulqudus máa lọ, tàbí kó fi owó lé e. Kò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. Ó jókòó, ó mu kúnú tí Alhaji gbé fún un, ó bá a tún fóònù rẹ̀ ṣe, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kírun Àílà, ó sì kí Rahmah pé ó dàbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Sátidé kẹrin, ó padà wá. "Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, sà." Alhaji ní rárá. Ó tún jókòó. Sátidé karùn-ún, ó tún fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún mìíràn lé e.

Rahmah ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó pè é sẹ́yìn jíìpù dúdú kan.

"Abdulqudus, mo ní mọ́kànlá fún ẹ, àbí o ò gbọ́ ni?" Òun náà ò mọ ìgbà tó ti ń pè é ní "o".

"Mo gbọ́ dáadáa."

"Tó o bá ń fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lé e báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti orí mẹ́sàn-án, ogún Sátidé ló máa gbà ẹ́ kó o tó dé mọ́kànlá. Mo ti ṣírò ẹ̀!"

"Èmi náà ti ṣírò ẹ̀," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ogún Sátidé ò pọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, orí méje ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀."

Rahmah fẹ́ bá a jà, ẹ̀rín ló jáde.

"Ọkọ̀ yìí ti wù mí tẹ́lẹ̀, wallahi," Abdulqudus ní. "Ọjọ́ tó o sọ òótọ́ ara ẹ̀ fún mi ni kò wù mí mọ́."

"Kí ló wá wù ẹ́?"

"Má jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́yìn jíìpù, Rahmah. Ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí Rahmah lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹni tó ń ná ọkọ̀ pupa kò fẹ́ rà á. Kò sọ ọ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Láti Sọ́ńdè ló ti ń ka ọjọ́ tó kù di Sátidé.

Àǹtí Ràdíátù, tí kò sí ẹni tó rán an, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alárinà. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rahmah wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nítòsí, ó ń wo ìdí ẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn dáa o. Ó ń kírun, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó mọ̀wé kọ̀ǹpútà, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà."

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ló ń wá kiri!" Alhaji dáhùn. "Ràdíátù, ọkùnrin tó bá ń ronú ìyàwó, ṣé ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ló máa rà? Tí wọ́n bá bímọ, níbo lọmọ máa jókòó sí? Ìyá ọkọ ńkọ́? Ṣé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni? Ọmọ náà dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ṣì wà lára ẹ̀."

Àǹtí Ràdíátù ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó fi fóònù sọ ọ́ fún Abdulqudus.

Nígbà tó di Sátidé kẹfà, Abdulqudus dé bó ṣe máa ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀. "Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún, sà." Ó ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Mo gbà," ni Alhaji wí. "Mú owó wá."

Ní ìdí ọkọ̀ títà, tí ènìyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé ọjà, tí ọlọ́jà sì ní òun gbà, ọjà ti di tirẹ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Gbogbo Jabi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ní Tọ́sìdeè," Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ẹnìkan mú mílíọ̀nù mẹ́wàá wá. Mo ní kó máa lọ, pé ìwọ lo kọ́kọ́ ń ná an. Mo mọ̀ pé mo máa pàdánù, ṣùgbọ́n o ti fara balẹ̀, o ti ṣe ọmọ dáadáa sí mi. Mo fi jì ẹ́. Mú owó wá kó o gbé ọkọ̀ ẹ lọ."

"Bàbá, ẹ foríjì mí." Abdulqudus ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Owó náà ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti fi ra ilẹ̀ ní Kabusa."

"Ilẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ ní orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọmọ máa jókòó sí, sà. Ni mo bá ní kí n ra ibi tó máa jókòó sí." Ó gbójú sókè. "Kì í ṣe ọkọ̀ ni mo ń wá wò láti ọjọ́ yìí."

Ojú gbogbo ènìyàn yí sọ́dọ̀ Rahmah. "Kai!" ni dílà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ọkọ̀ níbẹ̀, wí, àwọn mìíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Alhaji ò rẹ́rìn-ín rárá.

"O ń fi ẹnu ra ọjà lọ́wọ́ mi," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí sì bani lẹ́rù ju ariwo lọ. "Mo lé oníbàárà nítorí ẹ. Tó o bá tún fi ẹnu kan náà sọ fún mi pé o fẹ́ ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ò ní sọ lọ́jọ́ kan pé o ò ṣe mọ́? Dìde. Má fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà yìí mọ́."

Ó lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Rahmah yẹ ọkọ̀ mẹ́ta wò, ó ṣi nọ́ńbà méjì kọ. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun ni òun ò mọ ènìyàn yẹ̀ wò ni, òun tí òun ń rí bẹ́líìtì ọdún 2019 nínú òkùnkùn. Ṣé ọkùnrin tó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tan bàbá òun jẹ ò ní tan òun náà? Ṣùgbọ́n tó bá dà á rò, ó máa ń bá ara rẹ̀ lẹ́yìn jíìpù dúdú yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀. Òun náà dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, àwa méjèèjì la dá a. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ rà á. Mo mọ̀ láti Sátidé karùn-ún. Mi ò sọ fún yín, nítorí pé mo fẹ́ kó máa wá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ẹ̀, Bàbá."

Kí Alhaji tó la ẹnu, Àǹtí Ràdíátù ti wọlé pẹ̀lú rọ́ọ̀gì ìtẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ ò sọ ti ẹní fún un?" ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Rahmah, ìyá tó bí ìyá ẹ, ẹní ló ń tà ní Ìlọrin. Ṣé o mọ iye ẹní tí bàbá ẹ rà kó lè máa rí ìyá ẹ? Mẹ́rìnlá! Yàrá kan ló ní, ẹní mẹ́rìnlá! A ò rí ibi tẹsẹ̀ sí!"

Rahmah fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tún fìlà rẹ̀ dé, ẹ̀rín sì ti fẹ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ẹ̀rín náà mọ́ra.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo san owó ẹní. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá."

Àǹtí Ràdíátù tún gbé fóònù. Ó sọ ìtàn ẹní mẹ́rìnlá náà fún Abdulqudus, ó sì fi gbólóhùn kan péré kádìí rẹ̀: "Ọmọ mi, Alhaji san owó ẹní o."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony wọ inú ọgbà. Bàtà rẹ̀ ń dán, kò láya, kò lọ́mọ, ó sì di bébà kan mú.

"Alhaji, good morning sir. Abeg, na that seatbelt I wan see first."

Alhaji gba bébà náà, ó nà án sí Rahmah. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ilẹ̀kùn ọ̀tún tó ń dún bòbò, nọ́ọ̀tì tí sípánà ti yí, bẹ́líìtì ọdún 2019. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé owó tó tọ́ sí i ni mílíọ̀nù mọ́kànlá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín. Rahmah mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Tony yẹ ọkọ̀ wò, ó jókòó sínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Kò ná an. Kí wákàtí kan tó pé, owó ti wọlé.

"Who send you come?" Alhaji bi í.

Tony tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Abdulqudus dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ràdíátù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá irin géètì rárá. Alhaji rìn lọ bá a, Rahmah tẹ̀ lé e.

"Kò sẹ́ni tó ń mú oníbàárà wá ní Jabi tí kì í gba owó alágbàtà," Alhaji ní. "Èló ni tìẹ?"

"Mi ò gba owó, sà. Mo jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

"A kì í jẹ owó alágbàtà mọ́lẹ̀ nínú ọgbà mi. Sọ ohun tó o fẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé, sà. Inú ọgbà lónìí. Tó bá sì yá, kí àwọn òbí mi wọ ilé yín."

Alhaji wò ó láti òkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn ọ̀tún wò.

"Ọkọ̀ wo ni wọ́n máa gbé wá?"

"Jíìpù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, sà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní." Ó fi ìka kà á. "Márùn-ún ni, tẹ́ ẹ bá ka tẹ̀yìn mọ́ ọn."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín, ó rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kí ọmọkùnrin náà lè rí ọ̀nà kọjá. Àǹtí Ràdíátù ti ń yin Ọlọ́run sókè, àwọn dílà ń pàtẹ́wọ́. Ní ti Rahmah, ó padà lọ fi ẹ̀yìn ti jíìpù dúdú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì wọn. Ilé Alhaji kún fọ́fọ́, àwọn ará Ìlọrin lápá kan, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lápá kejì. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ sàdáàkì, owó tí ọkọ ń fún ìyàwó, àlùfáà yíjú sí ìyàwó.

"Rahmah, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ìwọ ni wàá fi ẹnu ara rẹ sọ iye tó o fẹ́ gbà, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún ẹ."

Àwọn dílà tó wà lẹ́yìn na ọrùn. Ọ̀gá fẹ́ sọ iye.

"Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà," Rahmah wí lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan fún Sátidé mẹ́ta tó fi owó lé ọkọ̀ pupa."

Àwọn tó mọ ìtàn náà rẹ́rìn-ín títí, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ara wọn. Alhaji gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Abdulqudus, ọmọ mi. Ṣé o ò ní ná an ni?"

"Rárá, sà," ni Abdulqudus dáhùn. "Mo gbà. Owó nìyí."

Àpòòwé kan ti wà níwájú àlùfáà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún gééré ló wà nínú rẹ̀, kò lé, kò dín, láti ilé ló sì ti dì í wá; òun náà ti ka Sátidé mẹ́ta yẹn. Rahmah tẹjú mọ́ àpòòwé náà. Nígbà tí wọ́n ní kó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Ká ní mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Ǹ bá ná an," ọkọ rẹ̀ ní, "fún ogún Sátidé."